Ẹ Gba Ẹ̀ka Igi Eléso Kí Ẹ Tó Gé E

Bí títì tuntun bá fẹ́ gba àdúgbò kan kọjá n'Ìbàdàn, igi eléso ló kọ́kọ́ ń bá a lọ. Máńgòrò tí bàbá àgbà gbìn ni o, agbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni o, iṣin tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó gbìn ín ni o, ẹ̀rọ agégi kì í dá ọ̀kan sí. A ò ní kí ìjọba má la títì. Ohun tí à ń bèèrè ni pé kí wọ́n gba ẹ̀ka igi náà pamọ́ kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n lè fi bí irú rẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ wo àwọn tó ń ta igi eléso lẹ́bàá títì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á fi abẹ yọ ojú kan lára ẹ̀ka ọsàn, á la èèpo ìdí lẹ́mọ́ọ̀nù, á ti ojú náà bọ̀ ọ́, á fi ọ̀rá wé e pinpin. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo lè bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún báyẹn, ẹ̀jẹ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn DNA (àkọsílẹ̀ àbùdá àjogúnbá) tí igi ń jogún lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, òmíràn wà nínú chloroplast, tó ń fi oòrùn pèsè oúnjẹ nínú ewé, àti nínú mitochondria, tó ń fún igi lágbára. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni èyí ti ń wá nínú ọ̀pọ̀ igi olódòdó. DNA ọ̀dọ̀ ìyá yìí ló jẹ́ ká mọ̀ pé pomelo, ìbátan ọsàn tí èso rẹ̀ tóbi gan-an, ni ìyá ọsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tanjaríìnì pọ̀ lára rẹ̀. Ọsàn Ibadan Sweet tí à ń fi yangàn, Valencia, Washington, ìdílé ìyá kan náà ni wọ́n.

Ta ni ìyẹn ń pa lára? Ẹ bi àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1970, mitochondria kan náà ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àgbàdo wọn. Àrùn ewé kan tó mọ ibi tí mitochondria yẹn ti kù díẹ̀ káàtó dé, ó sì gbé nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìkórè orílẹ̀-èdè náà lọ. Àgbàdo ni ìyẹn o, tí èèyàn lè tún gbìn lọ́dún kejì. Igi eléso ńkọ́?

Àwọn igi agboolé wa ò rí bẹ́ẹ̀. Kóró ni wọ́n fi gbìn wọ́n, oríṣiríṣi ibi ni kóró náà sì ti wá. Àwọn ọmọdé gan-an mọ agbálùmọ̀ tó dùn bí oyin yàtọ̀ sí èyí tó ń kan gógó ní ilé kejì.

A ò sì lè kó kóró wọn sínú yìnyín ká máa sùn. Kóró máńgòrò tó bá ti gbẹ, ó kú nìyẹn. Igi náà gbọ́dọ̀ wà láàyè lórí ilẹ̀. NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́, ti wà ní Ìdí-Iṣin n'Ìbàdàn láti 1975; NACGRAB, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú oríṣiríṣi irúgbìn, wà ní Moor Plantation. Iṣẹ́ wọn ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ìjọba Ọ̀yọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn gbogbo kọngiláá pé wọn ò gbọdọ̀ gé àgbà igi eléso láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn wọ̀nyí, kí kọngiláá sì san owó iṣẹ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì gé ilẹ̀ ìwádìí ní púlọ́ọ̀tì tà.

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àwọn títì tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé ẹ̀gbẹ́ wọn báyìí.