Ẹ̀yin Ìjọba, Ẹ Sanwó Adìyẹ Tí Ẹ Bá Pa, Kẹ́ Ẹ sì Tètè San Án

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, olóko ṣílẹ̀kùn pótírì ẹ̀, ó bá méjìlá nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mumi, ogbe orí wọn ti dúdú bí ẹni fi ẹ̀lú pa á, àwọn tó kù ò jẹun, wọ́n kàn dijú sójú kan. Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó lè pe dókítà ẹranko ti ìjọba, ó sì lè pe àwọn ìyá aládìyẹ lọ́jà kí wọ́n wá kó gbogbo ẹ̀ ní gbàǹjo. Ẹ sọ òótọ́, ta ló máa pè tó bá mọ̀ pé dókítà fẹ́ wá pa gbogbo ẹ̀ kí àìsàn má bàa ràn, láìfún un ní kọ́bọ̀?

Oṣù kejì ọdún 2006 ni bird flu, àìsàn adìyẹ tó ń yára ràn tó sì lè ran èèyàn, kọ́kọ́ wọ Áfíríkà, oko kan ní Jaji ní Kàdúná ni wọ́n ti rí i, ìjọba àpapọ̀ wá ní àwọn á san 250 náírà lórí adìyẹ kan. Ó dáa ju òfo lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yé ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jà nígbà yẹn, torí kì í ṣe ẹran nìkan lèèyàn pàdánù, fíìdì bí oṣù márùn-ún tó ti jẹ láìyé ẹyọ kan wà ńbẹ̀, ẹyin tí ì bá yé wà ńbẹ̀, lọ́ọ̀nù náà sì wà ńlẹ̀ tó ń retí. Nígbà tó di oṣù kìíní 2007, ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kan kú l'Ékòó, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àìsàn náà pa ní Nàìjíríà.

Àwọn kan á ní ṣebí òwò ni, àdánù ò lè ṣe kó má sí. Rárá o! Tí adìyẹ bá kú fúnra ẹ̀, àdánù òwò nìyẹn. Àmọ́ tí ìjọba bá wọlé, tó pa eyí tó ń ṣàìsàn mọ́ eyí tára ẹ̀ le kó má bàa ran oko aládùúgbò àti èmi àtẹ̀yin, gbogbo wa la jèrè ẹ̀, kí ló dé tẹ́nì kan á fi dá gbèsè ẹ̀ jẹ?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tára ẹ̀ bá le nìkan nìjọba ń sanwó ẹ̀, èyí tó ti ń ṣàìsàn ò lówó, ìyẹn ló ń jẹ́ kí olóko tètè pariwo torí bó bá ṣe ń pẹ́ lowó ẹ̀ á máa dín. Lóṣù kẹwàá 2022 wọ́n tún un ṣe, pé àtìgbà tí ètò pípa bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n ti ka iye èyí tára ẹ̀ ṣì le, kí olóko má bàa jìyà ìdúró tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀.

Ẹ rántí Òkè-Àró nítòsí Èkó ní 2020, nígbà tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ wọ àárín àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí abẹ́rẹ́ fún un, ẹran ń kú rẹpẹtẹ. Kì í ran èèyàn, àmọ́ ó ń bá ẹran tútù àti bàtà dé oko míì, ìdí nìyẹn tí títa ẹran ní wàràwàrà fi burú.

Ohun tá a fẹ́ ni pé kí wọ́n máa fi iye ọjà ọdún yẹn sanwó, kì í ṣe iye àtijọ́, kí wọ́n sì san án láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, títí kan ìyá tó ń sin adìyẹ mẹ́fà lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá fi àìsàn pamọ́, kó má gbà. Ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ sì ni bird flu sábà máa ń jà níbí, kí owó náà ti wà ní báńkì kó tó dé, kí ìwé tí olóko máa buwọ́ lù lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka adìyẹ ẹ̀ ní iye owó àti ọjọ́ tí wọ́n á san án nínú.