Ẹni Tó Béèrè Ni Wọ́n Fìyà Jẹ

Ọ̀rọ̀ Kabul, olú ìlú Afghanístàn, kò tíì tán nínú mi, mi ò sì rò pé ó yẹ kó tán nínú ẹnikẹ́ni tó ń sanwó orí ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2021, nígbà tí Amẹ́ríkà ń kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ogun ogún ọdún, bọ́ǹbù pa ọmọ ogun Amẹ́ríkà 13 lẹ́nu géètì pápákọ̀ òfurufú ìlú yẹn. Àwọn ará Afghanístàn tó kú pẹ̀lú wọn tó nǹkan bí 170. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kò sí ọ̀gágun kan tí Ààrẹ Joe Biden lé lẹ́nu iṣẹ́, kò sí mínísítà kan tó kọ̀wé fipò sílẹ̀, kò sí olùdámọ̀ràn kan tí wọ́n ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Ọ̀gá ológun tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà ni Stuart Scheller, ohun tí òun sì ṣe ni pé ó jókòó síwájú kámẹ́rà, ó ní kí àwọn ọ̀gá òun wá jíhìn.

Mo wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní kọnsáfétíìfù ní ilẹ̀ yìí, mi ò sì fi bò. Ohun tí mo gbà gbọ́ kò lọ́jú pọ̀. Kí ìjọba má tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ó má máa fi owó olówó ṣe àṣehàn. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí ẹlòmíràn kò lè bá a ṣe, ìyẹn ààbò ìlú àti ẹ̀mí àwọn tó rán lọ sójú ogun. Ìjọba tó bá kùnà nídìí iṣẹ́ yẹn, tí kò sì sẹ́ni tó dáhùn fún un, ẹnu wo ló kù tí yóò fi sọ fún wa pé ká fi ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti owó ọjọ́ ogbó wa lé òun lọ́wọ́?

Àwọn ará ilé kan máa ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá. Nígbà tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ń gba àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò lábẹ́ ètò MAVNI, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ọmọ wa wọ aṣọ yẹn, ó búra, ibẹ̀ ló sì gbà di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Títí di òní, àwọn ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀ tí òbí wọn kì í sùn dáadáa bí wọ́n bá ti gbọ́ pé wọ́n rán wọn lọ sókè òkun. Bí àwọn tó wà lókè bá mọ̀ pé kò sí ohun tí yóò tẹ̀yìn ìkùnà yọ, ọmọ ta ni yóò kàn nígbà mìíràn?

Kí n tó lọ jìnnà, mi ò bá Biden jà nítorí pé ó kó ọmọ ogun kúrò. Ogún ọdún tó, ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Àmọ́ àwọn àgbà wa ní akíkanjú tó mọ̀ ọ́n jà tí kò mọ̀ ọ́n sá ni í bógun lọ. Iṣẹ́ ni kíkúrò lójú ogun, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àwọn ọ̀gágun tí à ń sanwó fún sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí Bagram. Ìhà àríwá Kabul ni ibùdó ológun yẹn wà, ìrìn bíi wákàtí kan nínú mọ́tò. Ọ̀nà ìbalẹ̀ ọkọ̀ òfurufú méjì ló ní, odi yí i ká, kò sì sí láàárín ìgboro. Pápákọ̀ Kabul ní tirẹ̀, ọ̀nà ìbalẹ̀ kan ṣoṣo ló ní, àárín ìlú ló sì wà, ilé àti òpópónà ló yí i ká. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jáde láàárín ọ̀tá, èwo ni yóò dì mú nínú méjèèjì? Bagram ni wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2021, wọ́n jáde lóru. Ọ̀gágun Asadullah Kohistani, ọmọ Afghanístàn tó yẹ kó gba ibùdó náà lọ́wọ́ wọn, sọ fún àwọn oníròyìn pé ìgbà tí wọ́n ti lọ tán ni òun gbọ́. Kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó dé, àwọn tó ń jí ẹrù kó ti wọ ibẹ̀.

Wọ́n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún Ilé Aṣòfin Àgbà. Lloyd Austin, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò, ní yóò tó ọmọ ogun 5,000 kí wọ́n tó lè di Bagram mú, iye tí Ààrẹ sì fẹ́ kó kù sílẹ̀ kò ju nǹkan bí 650 lọ, láti máa ṣọ́ iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà. Ó dára. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹjọ? Wọ́n sáré kó ọmọ ogun tó lé ní 5,000 padà wá sí Kabul, sí pápákọ̀ tó ní ọ̀nà ìbalẹ̀ kan, nígbà tí Taliban, ẹgbẹ́ tí Amẹ́ríkà ń bá jà, ti wà láàárín ìlú. Iye tí wọ́n ní ó pọ̀ jù fún ibi tó ṣeé ṣọ́, òun náà ni wọ́n padà kó lọ síbi tí kò ṣeé ṣọ́.

Ilé ẹ̀wọ̀n kan wà ní Bagram pẹ̀lú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́wọ̀n ló wà níbẹ̀. Nígbà tí Taliban gba ìlú lọ́jọ́ 15 oṣù kẹjọ, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Abdul Rahman al-Logari, ọmọ ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISIS-K, wà lára àwọn tó jáde. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà, òun ló di bọ́ǹbù mọ́ra lọ sí Abbey Gate, géètì pápákọ̀ Kabul tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀.

Wọn kò lè sọ pé ìkìlọ̀ kò dé etí wọn. Lọ́jọ́ 8 oṣù keje, Biden sọ fún aráyé pé kò dájú rárá pé Taliban lè gba gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò ní rí i kí wọ́n máa gbé èèyàn lórí òrùlé iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣojú yẹn gan-an, bíi 23, fọwọ́ síwèé sí Antony Blinken, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, pé ìjọba Kabul lè wó kíákíá, kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí kó èèyàn. Àwọn tó wà nílẹ̀ ló kọ ọ́. Kabul kò sì lò ju bí oṣù kan lọ lẹ́yìn ìwé yẹn.

Biden tún sọ fún oníròyìn George Stephanopoulos lórí tẹlifíṣọ̀n pé kò sí ẹni tí òun rántí pé ó gba òun nímọ̀ràn láti fi ọmọ ogun 2,500 sílẹ̀. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, Ọ̀gágun Frank McKenzie, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní agbègbè náà, jókòó síwájú àwọn aṣòfin lẹ́yìn ìbúra, ó ní èrò òun ni pé ó yẹ kí 2,500 wà níbẹ̀. Mark Milley, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà, ní èrò kan náà ni tòun. Ààrẹ ló láṣẹ, ó lè kọ ìmọ̀ràn, mi ò jiyàn ìyẹn. Kí ó kọ̀ ọ́ ní gbangba nígbà náà, kí ó ní wọ́n sọ ọ́, èmi ni mo kọ̀, èmi ni kí ẹ bi.

Ẹ̀rí kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Lóṣù kẹta ọdún 2023, Tyler Vargas-Andrews wá síwájú Ilé Aṣojú-ṣòfin. Atamátàsé ni nínú Marines, ẹ̀ka kan nínú iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Bọ́ǹbù Abbey Gate gé apá rẹ̀ kan àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ó ní àwọn rí ọkùnrin kan láàárín èrò tí ìrísí rẹ̀ bá ìkìlọ̀ tí wọ́n fún àwọn mu, àwọn sì béèrè bóyá àwọn lè yìnbọn. Ọ̀gá wọn dáhùn pé òun kò mọ̀. Wọ́n béèrè ta ló wá mọ̀. Ọ̀gá náà kò mọ ìyẹn pẹ̀lú. Iléeṣẹ́ ológun ti ṣe ìwádìí lẹ́yìn náà, wọ́n ní kì í ṣe ọkùnrin tó ní bọ́ǹbù lára ni wọ́n rí. Mo gbọ́. Ká tiẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin kan wà lórí ilé ìṣọ́ tó di ìbọn mú, tó ń wá ẹni tó láṣẹ, tí kò sì rí i. Ìbéèrè yẹn ni gbogbo wa ṣì ń béèrè.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn bọ́ǹbù yẹn, wọ́n fi dírónù yìnbọn sí mọ́tò kan ní Kabul. Milley kọ́kọ́ pè é ní ìkọlù tó tọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án, wọ́n jẹ́wọ́ pé ẹni tó ń bá àjọ aláàánú kan ṣiṣẹ́ ni wọ́n pa, òun àti ará ilé rẹ̀, èèyàn mẹ́wàá, ọmọdé méje nínú wọn. McKenzie ní ọrùn òun ni ọ̀rọ̀ náà wà. Lóṣù Kejìlá, iléeṣẹ́ ológun ní àwọn kò ní bá ẹnikẹ́ni wí. Ọmọdé méje. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rò pé àwa kọnsáfétíìfù kò bìkítà fún ẹ̀mí àjèjì, ẹ wá bá mi wí tí mo bá dákẹ́ lórí èyí.

Ẹjọ́ yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Biden, ọkàn mi kò ní jẹ́ kí n fi ẹ̀yìn tiwa pamọ́. Ìjọba Donald Trump ló fọwọ́ sí àdéhùn Doha pẹ̀lú Taliban lọ́jọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2020. Ìjọba Afghanístàn kò sí lórí tábìlì, síbẹ̀ àdéhùn náà ní kí wọ́n tú ẹlẹ́wọ̀n Taliban 5,000 sílẹ̀, kí gbogbo ọmọ ogun sì ti jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2021. Ẹ wo bí èyí ṣe rí lójú ṣọ́jà Afghanístàn tó wà ní ìpínlẹ̀ jíjìn: ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bá ọ̀tá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa fi í sílẹ̀. Nígbà tó tún wá di pé àwọn òṣìṣẹ́ àgbàṣe tó ń tún ọkọ̀ òfurufú wọn ṣe bá ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ, kí ni wọn ì bá fi jà? Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń pariwo Biden tí wọn kì í dárúkọ Doha, òótọ́ ìlàjì ni wọ́n ń pa.

Ti owó náà ńkọ́? John Sopko, tí ìjọba fi ṣe olùṣàyẹ̀wò iṣẹ́ àtúnkọ́ Afghanístàn, kọ ìròyìn lọ́dọọdún pé owó ń ṣòfò, pé orúkọ ṣọ́jà tí kò sí níbì kankan wà nínú ìwé owó oṣù. Bílíọ̀nù 145 dọ́là ló wọlé sídìí àtúnkọ́ nìkan. Wọ́n ka ìròyìn rẹ̀, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì tún bu owó sí i, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ìjọba lè fi owó gbé orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn ró láti Washington, kó lọ ka àwọn ìwé yẹn.

Mo wá fẹ́ padà sọ́dọ̀ Scheller. Ọdún 17 ló ti lò nínú Marines. Lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù yẹn bú, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gba ohùn àti àwòrán ara rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó béèrè bóyá ẹnì kan nínú àwọn ọ̀gágun fi ipò rẹ̀ lélẹ̀ tó sì sọ pé ká má fi Bagram sílẹ̀ kí a tó kó èèyàn tán. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án, wọ́n tì í mọ́lé. Lóṣù kẹwàá, ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n kọ ìwé ìbáwí sí i, wọ́n gba 5,000 dọ́là nínú owó oṣù rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ku ọdún mẹ́ta péré kó pé ogún ọdún tí ì bá fi gba owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ológun tó wọ aṣọ ìjọba kò gbọ́dọ̀ máa bá ọ̀gá rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ ní gbangba. Òfin nìyẹn, mo fara mọ́ ọn, Scheller fúnra rẹ̀ náà gbà pé òun rú u. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọwọ́ òfin gùn tó láti mú ẹni tó sọ̀rọ̀, kò sì gùn tó láti kan ẹni tó ṣe é. Milley wà lórí àga rẹ̀ títí àsìkò rẹ̀ fi pé lọ́dún 2023. McKenzie fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọlá lọ́dún 2022. Austin, Blinken àti Jake Sullivan, olùdámọ̀ràn Biden lórí ààbò, jókòó títí ìjọba náà fi parí ní oṣù kìíní ọdún 2025. Nígbà tí Ilé Ìjọba gbé ìwé olójú-ewé 12 jáde lóṣù kẹrin ọdún 2023 lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, Trump ni wọ́n di ẹrù náà rù.

Nísinsìnyí, ìjọba Trump ló tún wà lórí oyè, Pete Hegseth, tí Trump fi ṣe mínísítà ètò ààbò, sì ti pàṣẹ ìwádìí tuntun láti oṣù karùn-ún ọdún 2025. Scheller wà lára ìgbìmọ̀ náà. Inú mi dùn sí i, ó sì ń kọ mí lóminú. Bó bá jẹ́ pé orúkọ àwọn ènìyàn Biden nìkan ló jáde níbẹ̀, mo máa pè é ní ẹ̀san, mi ò ní pè é ní ìjíhìn. Mo fẹ́ ká mọ ẹni tó yan Bagram láti fi sílẹ̀. Mo fẹ́ ká mọ ẹni tó yẹ kí ọ̀gá Vargas-Andrews pè lọ́jọ́ yẹn, àti ìdí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò fi sí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ ká mọ ẹni tó ní kí wọ́n yìnbọn sí mọ́tò tí ọmọdé wà nínú rẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá Taliban jókòó ní Doha láìpe ìjọba Kabul wá jókòó síwájú ìgbìmọ̀ kan náà, lẹ́yìn ìbúra, kí wọ́n bi í léèrè bí wọ́n ṣe máa bi àwọn yòókù.