Ẹṣin tí wọ́n so, ta ló ní kò lè rìn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ènìyàn ní chess, ẹ dákun, ẹ yé sọ fún wọn pé ọmọ ayò tí wọ́n bá ti "pin", ìyẹn tí wọ́n so mọ́ ọmọ ayò tó níyì jù ú lọ lẹ́yìn rẹ̀, kò lè kúrò lójú kan. Irọ́ ni. Irọ́ yẹn ló jẹ mí níyà lánàá.

Èmi ni mo mú funfun. Bíṣọ́ọ̀bù mi wà ní ilé g5 (lẹ́tà àti nọ́ńbà la fi ń pe ilé ojú ọpọ́n), ó so ẹṣin dúdú tó wà ní f6 mọ́ ayaba tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní d8. Ẹni tí a jọ ń ta gbé ẹṣin rẹ̀ kejì sí d7. A jẹ pọ́ọ̀nù síra wa ní d5, mo wá rí i pé ẹṣin f6 yẹn nìkan ló kù tó ń ṣọ́ pọ́ọ̀nù d5 rẹ̀. Olùṣọ́ tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀! Mo fi ẹṣin jẹ pọ́ọ̀nù náà. Àfi gbàù, ẹṣin tí mo so dìde, ó jẹ ẹṣin mi. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo gbé ayaba rẹ̀ mì kíá. Ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bọ́ sí b4 tó ní "ṣẹ́ẹ̀kì", tó kọjú ìjà sí ọba mi, ni mo tó wo ilé ọba mi dáadáa: kò síbi tó lè yà sí. Ayaba mi nìkan ló lè dínà ní d2, ibẹ̀ náà ló kú sí. Nígbà tí a jẹ ara wa tán, mo ti pàdánù ẹṣin odindi nítorí pọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Elephant Trap, pàkúté erin, ni wọ́n ń pè é. Èmi ni erin.

Tó bá jẹ́ ọba ló wà lẹ́yìn ọmọ náà, ẹjọ́ ti tán, òfin ò gbà kó fi ọba sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ayaba? Òfin wo? Àwa la fi ẹ̀rù so ó. Légal, ọ̀tayò chess ará Faransé, tó kú ní 1792, yọ̀ǹda ayaba rẹ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù tó so ẹṣin rẹ̀, ó wá fi ẹṣin méjì àti bíṣọ́ọ̀bù kan pa ọba. Àwọn tó máa ń sáré ti pọ́ọ̀nù h, èyí tó wà ní ìlà h létí ọpọ́n, láti lé bíṣọ́ọ̀bù, ojo ni mò ń pè wọ́n.

Láàárọ̀ yìí, ó kàn mí. Bíṣọ́ọ̀bù dúdú ní g4 so ẹṣin mi ní f3. Mo ṣe bíi Légal, mo fi ẹṣin jẹ pọ́ọ̀nù e5. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò tiẹ̀ wo ayaba mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹṣin rẹ̀ láti c6 ló fi jẹ tèmi, ó sì ń ti e5 ṣọ́ bíṣọ́ọ̀bù g4 bí ọmọ ìyá rẹ̀. Lánàá ẹṣin, lónìí ẹṣin.

Mo padà yẹ ayò náà wò. Ká ní mo kọ́kọ́ ti pọ́ọ̀nù sí h3, kí bíṣọ́ọ̀bù yẹn sún sí h5, ẹṣin e5 ò ní lè ṣọ́ ọ mọ́. Ayaba mi á jẹ ẹ́. Ẹṣin rẹ̀ á jẹ bíṣọ́ọ̀bù mi ní c4 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀kì tí ayaba mi máa fún un láti b5 á gba ẹṣin yẹn fún mi, pẹ̀lú pọ́ọ̀nù kan lérè.

Pọ́ọ̀nù h o. Èyí tí mo pè ní ti ojo.