Ètò tó wà l'Abuja kò tíì dé kẹ́mísì wa

Bí ara ọmọ bá gbóná lóru ní Ìsánlú tàbí ní Mòpà, kẹ́mísì ni ọ̀pọ̀ wa ń gbà lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ mọ̀ wá, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ wa, ó sì máa ń ta àwìn. Bí owó ọwọ́ ẹni bá ṣe mọ ni yóò ṣe ka kápúsù apakòkòrò àrùn sínú ọ̀rá: méjì, mẹ́rin, mẹ́fà. Bí ara bá fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, a ó fi ìyókù pamọ́ de ẹlòmíì nínú ilé. A kò bú ẹnikẹ́ni. Àìlówó àti ọ̀nà jíjìn ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà yìí ń pa wá, ó sì tó àsìkò kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kogí fi owó gidi dá sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé àgbẹ̀ tó bá ti bá koríko ẹ̀kan jà rí. Ẹ̀kan tí a fi àdá gé lórí, tí a fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀, òjò kan ṣoṣo ló ń retí. Oògùn apakòkòrò àrùn tí a lò ní ìdajì, àwọn kòkòrò tí kò lágbára ló ń pa. Àwọn alágídí á ṣẹ́kù, wọn á pọ̀ sí i, wọn á sì fi ọgbọ́n tí wọ́n fi là ran àwọn kòkòrò mìíràn. Alexander Fleming, tó ṣàwárí penisílíìnì ní 1928, sọ ọ́ gbangba nígbà tó ń gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945 pé ẹni tó bá ń lo oògùn náà ní ìwọ̀nba tí kò tó ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí rẹ̀ ni.

Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ní 2019, kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ pa mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn lágbàáyé. Ti Nàìjíríà nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 64,500. Bí a bá wá ka àwọn tí kòkòrò bẹ́ẹ̀ wà lára wọn nígbà tí wọ́n kú, ó lé ní 263,000 ní orílẹ̀-èdè wa nìkan, láàárín ọdún kan. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣi oògùn lò rí. Ẹ ro ti abiyamọ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bí, ti ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, ti ọlọ́kadà tó ṣubú lọ́nà Kàbà sí Lọ́kọ́jà tí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò jinná. Oògùn tí ẹlòmíì bàjẹ́ ni wọ́n ń lò.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tàìfọ́ọ̀dù, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti yọ̀ jù. Ta ni wọn ò tíì sọ fún rí pé "mọlééríà àti tàìfọ́ọ̀dù" ló ní? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal, tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kì í sọ òótọ́ nígbà gbogbo: ẹni tó ti ní àrùn náà lọ́jọ́ tó ti pẹ́, tàbí ẹni tó jẹ́ pé ibà ẹ̀fọn lásán ló ń ṣe é, ó lè gbé àmì rẹ̀ jáde. Ló bá di pé kí a máa gun abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún fún àrùn tí kò sí lára. Àyẹ̀wò tó ṣeé gbára lé ni kí a gba ẹ̀jẹ̀, kí a jẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ dàgbà ní yàrá àyẹ̀wò, kí a wá fi oríṣiríṣi oògùn dán an wò títí a ó fi mọ èyí tó ń pa á. Ó ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó ń gba iná tí kì í ṣẹ́jú, ohun èlò, àti ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì. Aláìsàn mélòó ní ilẹ̀ Òkun, agbègbè wa yìí ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, ni wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún rí?

Ètò wà ní ti pé ètò wà. Ní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó parí ní 2022. Òmíràn ti wà báyìí fún 2024 sí 2028. Àjọ NCDC, tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, ni wọ́n ní kó kó gbogbo rẹ̀ jọ: iṣẹ́ ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀, àyíká. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí i ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé àwọn yóò dín ikú yìí kù ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kó tó di 2030. Ó dára. Àmọ́ ewúrẹ́ tí ìdílé mẹ́ta jọ ń sìn lè sùn lébi, torí kálukú gbà pé ẹnìkejì ti já ewé fún un. Ilé iṣẹ́ ìlera ló ń bójú tó ènìyàn, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń bójú tó adìẹ. Kòkòrò kan náà ló ń ti ara adìẹ bọ́ sí ara ènìyàn, tó tún ń bá ìgbẹ́ wọ odò.

Àwọn olùsìn adìẹ wa ń po oògùn apakòkòrò yìí mọ́ omi adìẹ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kó lè tètè sanra, kó má baà kú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Kàbà níbí. Kí ló dé tí ìpínlẹ̀ kò ní bá wọn ṣe àdéhùn láti máa kọ́ àwọn olùsìn adìẹ àti ẹja bí wọ́n ṣe ń fi ìmọ́tótó àti abẹ́rẹ́ àjẹsára dáàbò bo ẹran wọn?

Àwọn kan yóò ní kí ọlọ́pàá ti kẹ́mísì pa. A kò fara mọ́ ọn. Bí a bá tì wọ́n, inú àpò ni wọn yóò ti máa tà á, kò sì sí dókítà tí yóò rọ́pò wọn lábúlé. Ẹ kọ́ wọn, ẹ kọ àwọn oògùn tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn síwájú wọn, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tí wọ́n lè pè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wọn.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Lọ́kọ́jà kò pọ̀. Kí wọ́n yan ẹnì kan ṣoṣo tí a mọ̀ sídìí iṣẹ́ yìí, tí àṣẹ rẹ̀ dé ilé iṣẹ́ ìlera àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ papọ̀. Kí yàrá àyẹ̀wò kan tó péye wà ní ọsibítù kan ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, pẹ̀lú iná oòrùn, kí àbájáde rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ NCDC lóṣooṣù. Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ náà kò ní àwáwí mọ́, nítorí láti ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ pé owó wọn gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ tààrà. Abẹ́ wọn ni àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé wà.

Yàgbà méjèèjì, Mòpàmúrò, Ìjùmú àti Kàbà-Bùnú ló ní aṣòfin ní Lọ́kọ́jà. Nígbà tí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ bá dé iwájú wọn, kí wọ́n béèrè ojú ìwé tí owó iṣẹ́ yìí wà, àti iye rẹ̀. A ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìdáhùn tí wọ́n bá fún wa la ó tẹ̀ síbí.