Ẹ yé fi mítà ṣúgà dán oyin wò

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, fídíò tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp pé ẹ kán oyin sórí sítíríìpù mítà tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, tó bá ti kọ HI (ìyẹn ni pé ṣúgà ibẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí mítà lè kà lọ) ayédèrú ni, irọ́ ni o. Glucose, irú ṣúgà tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, ni ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń ṣiṣẹ́) orí sítíríìpù yẹn ń mú, ó ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (ohun tíntìntín tó ń gbé iná) lára ẹ̀, mítà á wá ka iná tó bá ti ibẹ̀ jáde. Oyin gidi fúnra ẹ̀, bíi 30 nínú ìdá 100 ẹ̀ glucose ni, ọ̀pọ̀ mítà ò sì lè kà kọjá 600 mg/dL, tí ò tó ẹyọ kan nínú ìdá 100, ṣé kò wá ní kọ HI ni? Ṣúgà tí à ń bù sí ògì ńkọ́, sucrose nìyẹn, irú ṣúgà mìíràn, ẹ́ńsáìmù yẹn ò mọ̀ ọ́n rárá, tí wọ́n bá tiẹ̀ bù ú sí oyin, mítà ò ní mọ̀. Ìyá kan ní Tákìé, wọ́n dá oyin ẹ̀ padà lánàá, oyin tí afárá ṣì wà nínú ẹ̀! Ó dùn mí gan-an.