Èéfín Kọ́ Ló Ń Pa Ẹja Mọ́

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa pé kí ló ń jẹ́ kí ẹja yíyan pẹ́ nílẹ̀, "èéfín" ni a ó dáhùn. Ìdáhùn yẹn ni mo gbé dání dé Ìlú Ọba. Mo ra ẹja trout méjì, mo la ẹran wọn kúrò lára egungun, mo yan wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé títí àwọn aládùúgbò fi ń ti fèrèsé, mo wá da bébà bò wọ́n sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ara ẹja náà ti ń yọ̀ bí ilá. Mo kó o dànù. Owó rẹ̀ dùn mí ju ẹja gan-an lọ.

Ẹ rántí àjà tó máa ń wà lókè ààrò àwọn ìyá wa. Ẹja tó wà níbẹ̀ gba ooru iná àárọ̀, ó gba ti alẹ́, lójoojúmọ́, títí tí yóò fi máa dún kó-kó bí ẹ bá fi ọ̀kan lu èkejì. Kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ẹja rà kò lè ṣe nǹkan kan láìsí omi. Òótọ́ ni pé èròjà inú èéfín kì í jẹ́ kí ẹja tètè bu, àmọ́ ojú awọ ló mọ sí. Gbígbẹ ló ṣiṣẹ́, èéfín ló ń gba ìyìn.

Trout kì í ṣe ẹja àjà. A fẹ́ kó rọ̀, kó lọ́ràá, kó ṣeé fi búrẹ́dì jẹ. Omi ju ìdá méje nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ lọ kó tó rí iná, bí a bá sì yan án tán, ó ṣì ju ìlàjì lọ. Ibẹ̀ ni iyọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀. Lítà omi kan, iyọ̀ 80 gíráàmù, ṣíbí ṣúgà kan: mo máa ń ri ẹja sínú rẹ̀ nínú fíríìjì fún wákàtí kan sí méjì. Iyọ̀ ń wọ inú ẹran ẹja, ẹran náà á le díẹ̀. Mo máa ń ṣàn án, mo sì máa ń tẹ́ ẹ sórí wáyà nínú fíríìjì títí ojú rẹ̀ á fi máa dán, tí yóò sì fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹ má fo ìyẹn o. Èéfín kì í mú dáadáa lára ẹja tó rin, ó sì máa ń korò.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba iyọ̀ yìí kò sọ ọ́ di ẹja orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ní Amẹ́ríkà, ẹja tí wọ́n fi èéfín gbígbóná yan, tí wọ́n fẹ́ dì sínú ọ̀rá tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán, iyọ̀ inú omi ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí inú rẹ̀ sì wà ní 63°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, inú òtútù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, torí kòkòrò botulism, tí májèlé rẹ̀ lè pa èèyàn, fẹ́ràn ibi tí kò sí afẹ́fẹ́. Èmi kò ní ohun tí mo lè fi wọn iyọ̀ inú ẹja, nítorí náà n kì í dì í bẹ́ẹ̀. Ẹja tí wọ́n fi èéfín tútù yan, tí iná kò sè jinná, tiẹ̀ tún léwu jù: ní Ìlú Ọba, wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn aláboyún pé kí wọ́n má jẹ ẹ́ àfi bí wọ́n bá tún un sè, nítorí kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ listeria, tí òtútù fíríìjì kì í dá dúró.

Àwọn kan á ní kó ṣáà ti dúdú. Bí iná bá le jù níbẹ̀rẹ̀, awọ á gan, á sé omi mọ́ inú. Ẹ ṣẹ́ irú ẹja bẹ́ẹ̀ ní egungun ẹ̀yìn: òde dúdú bí ìdí ìkòkò, inú ṣì rin, ó pọ́n, ó ń rùn díẹ̀. Benzopyrene tó ń fa jẹjẹrẹ sì wà nínú èédú yẹn. Láti 2014, òfin Yúróòpù kò gbà kó ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú kílò ẹja yíyan kan.

Ní báyìí, bí tẹmómítà bá ti dé 63 láàárín ẹran tó nípọn jù, mo máa ń fi í síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá tutù, ó di fíríìjì, èyí tí a kò bá ní jẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta á wọ fírísà. Màmá mi rí i lórí fídíò, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin. Wọ́n ní kò tíì jinná. Mo fi tẹmómítà hàn wọ́n. Wọ́n ní ṣé tẹmómítà ló fẹ́ jẹ ẹ́ ni.