Kí Ẹ Tó Fọwọ́ sí Fọ́ọ̀mù Onídùúró Yẹn

Lópin oṣù yìí, wọ́n á yọ owó lára owó oṣù ẹnì kan tí kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe ò ju pé ó dúró fún ẹlòmíràn ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹni tó yáwó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kó ti pa fóònù, ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ rí owó wọn gbà. Wọn ò ṣẹ̀. Ohun tí onídùúró fọwọ́ sí náà nìyẹn: bí ẹni yìí ò bá san, ẹ mú mi. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí olówó oṣù nílẹ̀ yìí tí kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìwọ tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Ẹni tó fẹ́ yáwó á ká fọ́ọ̀mù sí méjì, á wọlé lásìkò tí èrò wà ní ọ́fíìsì, á kúnlẹ̀ díẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí i ni. Kò sí wàhálà kankan." Àǹtí mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni yìí ò tíì san èyí tó yá lésìí tán. Àmọ́ gbogbo ojú ti wà lára rẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Báírò dà?" Ẹni yẹn á ṣàdúrà pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n rí àìsàn, á sì bá tirẹ̀ lọ. Oúnjẹ ọ̀sán ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun Àǹtí mọ́. Tó bá délé lálẹ́, á máa ṣírò owó ilé ìwé ọmọ mọ́ owó ilé, á sì máa gbàdúrà kí Ọlọ́run bá òun bo àṣírí.

Mi ò bá àánú wí o. Ẹni tí àánú ṣe, tó ti rò ó pé bí owó yẹn bá wọgbó òun á gbé e, tó wá fi tọkàntọkàn fọwọ́ sí i, iṣẹ́ rere ló ṣe, Ọlọ́run á san án fún un. "Bẹ́ẹ̀ ni" tí ìbẹ̀rù bí ni mò ń bá wí. Ẹ̀rù pé wọ́n á ní ahun ni mí. Ẹ̀rù pé wọ́n á ní mo ti ń gbéra ga láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù pé bí mo bá wọlé, ìtàkúrọ̀sọ á dáwọ́ dúró. Ẹnu ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn ń kọ̀ ọ́, a sì ń pe ìyẹn ní ìwà ọmọlúàbí. Èmi ò gbà. Òtítọ́ wà nínú ohun tí àwọn àgbà kà mọ́ ìwà ọmọlúàbí, akínkanjú náà sì wà níbẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" tí kò dénú, kò ní ìkankan nínú méjèèjì.

Níbo la ti kó o? Ilé ni. Ẹ tẹ́tí sí bí a ṣe ń yin ọmọ. Ọmọ tó gbé ẹran rẹ̀ fún àbúrò láìsunkún, a ní ọmọ dáadáa ni. Èyí tí wọ́n rán níṣẹ́ títí oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ fi tutù tí kò ráhùn, a ní ó gbọ́ràn, a ò gbóhùn rẹ̀ rí. Èyí tó ní "Mọ́mì, ó ti rẹ̀ mí", olórí kunkun nìyẹn. Ti àkọ́bí obìnrin tún wá burú jù. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó gbọ́njú dáadáa, ó ti mọ̀ pé ìyìn ni owó iṣẹ́ òun, àti pé ọjọ́ tóun ò bá ṣiṣẹ́, kò síyìn. Ọmọ yẹn ló dàgbà di Àǹtí tó ń béèrè báírò.

Bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá wa àgbà mọ ọ̀nà mìíràn. Ọmọ á jí láàárọ̀, á lọ kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà. Ipin ṣì wà lójú rẹ̀, itọ́ òru ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò tíì gbálẹ̀, kò tíì fọ abọ́, kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni lóore kankan. Ìyá àgbà á fọwọ́ pa á lẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀: Àjọkẹ́, Àjọkẹ́, á ki í títí á fi dé orílẹ̀ baba rẹ̀, bóyá Òpómúléró ni, bóyá Oníkòyí ni, á dárúkọ àwọn tí ọmọ yẹn ò mọ̀ rí, á sì so ó mọ́ wọn. Ọmọ tí wọ́n nà lánàá nítorí pé ó jí ẹran nínú ìkòkò, wọ́n á ki òun náà láàárọ̀ yìí. Oríkì kì í béèrè ohun tí ọmọ gbé wá. Ọmọ tí wọ́n bá ń kì báyìí lójoojúmọ́ á mọ̀ lára pé òun ti jẹ́ ẹnì kan kí òun tó ṣe nǹkan kan. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iyì ara ẹni ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹ̀kọ́ ìgbàlódé kan tí mo rí tó sàn jù ú lọ. Ẹ̀dùn ọkàn ni pé ọ̀pọ̀ ilé ti pa á tì, nítorí à ń sáré kí bọ́ọ̀sì ilé ìwé má fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ kọ́ oríkì ọmọ yín kí ẹ sì máa kì í. Ìṣẹ́jú kan kọ́ ló máa mú bọ́ọ̀sì lọ.

Àwọn kan á ní àṣà Òyìnbó ni kí èèyàn máa kọ̀, pé àwa kì í dá ayé ara wa jẹ. Ẹ bi àwọn àgbẹ̀ léèrè nípa àáró. Àwọn mélòó kan á kó ara wọn jọ: lónìí oko tèmi, lọ́túnla oko tìrẹ, yóò máa yí ká. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀ tó wá ń sá fún oko ẹlòmíràn, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ lójú ẹgbẹ́ nìyẹn. Ọ̀wẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń wá oúnjẹ àti ẹmu tí àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́ máa jẹ tí wọ́n máa mu. Àwọn baba wa nífẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì mọ ìwọ̀n. Àwọn náà ló sọ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "agbára mi ò ká a" láìjẹ́ pé ìbátan bàjẹ́.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti dá yàtọ̀ láàárín èèyàn. Ọ̀gbẹ́ni Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1951 nípa ìdánwò kan tó ṣe. Wọ́n fa ìlà sórí páálí, wọ́n ní kí àwọn èèyàn sọ èyí tó gùn dọ́gba pẹ̀lú òmíràn. Ọmọdé lè dáhùn rẹ̀. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú yàrá ni kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ àwọn yòókù láti jọ fẹnu kò sí ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí wọ́n dán wò báyìí ló tẹ̀ lé èrò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, bí ojú wọn tilẹ̀ rí òótọ́. Ibi tó wú mi lórí jù nìyí: nígbà tí wọ́n fi ẹnì kan péré kún wọn tó ń sọ òótọ́, àwọn tó ń tẹ̀ lé èrò dínkù gan-an. Ẹnì kan péré! Nítorí náà, bí o bá wà ní ìpàdé ẹbí tí wọ́n ń bu owó lé ẹnì kan tí o mọ̀ pé apá rẹ̀ ò ká a, lanu kí o sọ ọ́. O lè jẹ́ ẹnì kan yẹn fún un.

Ní ti bí a ṣe ń kúrò níbẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì jù fún mi ni pé kí èèyàn má dáhùn lójú ẹsẹ̀. "Ẹ jẹ́ n rò ó, n óò fún yín lésì lọ́la." Kò sí àrífín nínú ìyẹn, kódà o lè sọ ọ́ fún ọba. Ojú táwọn èèyàn ń tẹ̀ mọ́ni ló ń gba bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu wa. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú tó sì mọ́, ojú yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́, wàá gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ ń wí.

Tó bá wá di ọ̀la, má purọ́. Má sọ pé ọkọ rẹ ni ò gbà, torí wọ́n á lọ bá ọkọ rẹ. Má kó àlàyé jọ rẹpẹtẹ, nítorí gbogbo àlàyé ni wọ́n á fún ọ lésì rẹ̀. "Ẹ má bínú, mi ò kí ń dúró fún ẹnikẹ́ni lórí owó." Kí o sì dákẹ́. Ọkàn rẹ á máa lù kìkìkì, ọwọ́ rẹ lè máa gbọ̀n, á máa ṣe ọ́ bíi kí o pe ẹni náà padà kí o gba fọ́ọ̀mù. Jẹ́ kó lọ. Bí o bá ní ohun tí o lè fi ṣèrànwọ́ láìfi ara rẹ sínú gbèsè, fún un, kí o sì gbàgbé rẹ̀.

Àwọn kan á bínú. Mi ò ní tàn ọ́ jẹ, àwọn kan á jìnnà sí ọ, kò sì ní dùn mọ́ ọ. Àmọ́ bí onígbá bá ti pe igbá rẹ̀ ní pàǹtí, òun ni wọ́n á máa fi kólẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á padà wá, wọ́n á sì bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́nà mìíràn. Ìwọ náà á wá mọ àwọn tó jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe ìbuwọ́lù rẹ.

Ọ̀rọ̀ tó kù di ti ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè. Bí ẹ bá fẹ́ kí èèyàn dúró fún yín, ẹ lọ bá a lóun nìkan, ẹ sọ gbèsè tó wà nílẹ̀ fún un, kí ẹ sì fún un láyè láti kọ̀. Aṣọ ẹbí náà ńkọ́? Àwọn èèyàn ń yáwó lórí fóònù láti rà á kí ojú má bàa tì wọ́n, kí àwọn ayánilówó yẹn tún tó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ dójú tì wọ́n lójú gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù wọn. Ọ̀rọ̀ yìí le débi pé FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, bẹ̀rẹ̀ ètò ìforúkọsílẹ̀ fún irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ ní 2022. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèyàwó lóṣù Kejìlá, nígbà tí ẹ bá ń fi iye owó aṣọ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àwọ̀ tí ẹ yàn sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ẹni tí kò bá rà á lè wọ èyí tó ní nílé. Tó bá sì dọ́jọ́ náà, ẹ sọ fún àwọn tó ń gbé oúnjẹ kí wọ́n má fo tábìlì rẹ̀.